Ìlú tí rélùwéè kọ́, ta ló wó o? Bárò, Zungeru, Ìdógò àti àwọn téṣàn tiwa

Ọmọ_Téṣàn kọ:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ìlú kéékèèké ẹ̀bá ojú irin bá ti jẹ yọ níbí, orin kan náà la máa ń gbọ́: lọ́rì dé, títì ọlọ́dà dé, rélùwéè kógbá sílé, ìlú tú. Èmi ò fara mọ́ ọn. Lójú tèmi, rélùwéè fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó bí, ó sì pa wọ́n nígbà tí lọ́rì ò tíì tó nǹkan.

Bárò ni kí ẹ wò. Etí odò Ọya ló wà, nílẹ̀ Núpé, ní ìpínlẹ̀ Niger òde òní. Abúlé ni kí ọdún 1907 tó dé. Lọ́dún yẹn ni Percy Girouard, ẹni tó ti la irin fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Sudan kó tó wá ṣe olórí ìjọba Àríwá, gba àṣẹ láti fa irin láti Bárò gba Mínà àti Zaria lọ sí Kánò. Èrò wọn ni pé ọkọ̀ ojú omi á máa gba ẹrù ní Bárò, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Burutu àti Forcados, á bọ́ sókun, Àríwá ò sì ní í wojú Èkó kó tó rà tàbí kó tó tà. Nígbà tí irin wọ Kánò ní 1911, Bárò ni ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Haúsá.

Ṣùgbọ́n irin Èkó náà ò sùn. Ó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ó tẹ̀ síwájú títí ó fi pàdé irin Bárò ní Mínà, ìjọba sì pa méjèèjì pọ̀ di ilé iṣẹ́ kan ní oṣù October 1912. Ibẹ̀ ni wàhálà Bárò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn oníléeṣẹ́ aṣọ wọn ti rò pé òwú ni Kánò máa kó jáde. Àgbẹ̀ Kánò wo owó tí wọ́n ń dá lé òwú, ó wo ti ẹ̀pà, ó gbin ẹ̀pà. Ìparí òjò ni wọ́n ń wú ẹ̀pà, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kó o jáde, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an sì ni odò Ọya máa ń fà, tí ọkọ̀ ńlá ò ní lè gòkè dé Bárò. Èkó ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí wọ́n wá parí afárá Jẹ́bà ní 1916, tí wọn ò ní láti fi ọkọ̀ ojú omi gbé kóòṣì sọdá mọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Téṣàn wà ní Bárò, irin wà, ẹrù ni ò wá mọ́.

Ẹ sọ fún mi, lọ́rì wo ló wà nínú ìyẹn?


Lóríi_Títì kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ibi tó gbè yín lẹ lọ yàn. Bárò ò lè jẹ́rìí fún Lálúpọn, Ìkirun, Ìnísà àti Òkukù. Kò sí odò kankan tó ń fà ní Ìkirun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa ni pé irin ò lè wọ oko. Kòkó tí wọ́n ká sí abúlé tó jìnnà, wọ́n á rù ú dé téṣàn, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kó o sí sítọ́ọ̀, wọ́n á dúró de wágọ́ọ̀nù, wọ́n á tún gbé e rù, wọ́n á tún lọ sọ̀ ọ́ ní Àpápá. Lọ́rì dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀, ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Oníṣòwò wo ni ò ní mọ èyí tó máa yàn?

Ó sì dùn mí pé ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n là ní 1906, kí ló wà fún? Kó lè máa kó ẹrù àti èrò wá bá rélùwéè ni. Ìránṣẹ́ ni wọ́n fi títì ṣe. Nígbà tó fi máa di 1978 tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìránṣẹ́ ti di ọ̀gá. Ta ló tún fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ tó ń gba Ifọ̀, gba Abẹ́òkúta, tó ń dúró bí ẹni tó ń kí ìyàwó gbogbo ẹbí?


Fàkàfíkì kọ:

Ọ̀rọ̀ ẹrù lẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èèyàn díẹ̀.

Ìdílé rélùwéè ni mo ti wá, bàbá mi àgbà wà nínú gáńgì, ìyẹn àwọn tó ń tún ojú irin ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ onísítíìmù ni pé alájẹkì ni. Á mu omi, kò ní jìnnà, á tún fẹ́ mu. Á jẹ èédú. Wọ́n á kó eérú kúrò nínú ikùn rẹ̀, wọ́n á fi òróró kùn ún ní oríkèéríkèé. Awakọ̀ àti ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná, ó máa ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí àwọn mìíràn gbà á. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí téṣàn níbi tí ẹ ò ti rí ìlú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n kọ́ torí èrò tàbí ẹrù. Òùngbẹ ẹ̀rọ ló kọ́ òmíràn.

Ẹ wá ka àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nírú ibẹ̀. Ọ̀gá téṣàn, akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń yí irin sọ́tùn-ún sósì, ẹni tó ń gbé àmì sókè, ẹni tó ń fa omi gòkè sínú táńkì, àwọn pọ́tà, àwọn gáńgì tó ń pààrọ̀ sílípà, ìyẹn igi tí irin sùn lé, tí wọ́n sì ń ro koríko ẹ̀bá irin. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín dáadáa: ní ibi tí gbogbo ará àdúgbò ti ń retí ìkórè kí wọ́n tó rówó rí, àwọn wọ̀nyí ń mú owó wá sọ́jà lóṣooṣù, òjò ì báà rọ̀, kó má sì rọ̀. Télọ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, ẹlẹ́mu ń jẹ nínú rẹ̀, obìnrin tó ń gbé àkàrà sáré tẹ̀lé fèrèsé kóòṣì ń jẹ nínú rẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1950 ni ẹ̀rọ díísù, ìyẹn ti epo dísẹ́ẹ̀lì, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Epo tó máa lò wà nínú rẹ̀. Kò bèèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ṣì ń kọjá o, ó tiẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń kọjá ni. Wọ́n kó àwọn tó ń fa omi kúrò, wọ́n kó àwọn tó ń kó eérú kúrò, wọ́n gbé ẹ̀ka tó kù lọ sí téṣàn ńlá. Ní Enúgù níbi tí wọ́n ti rí èédú ní 1909, rélùwéè wà lára oníbàárà tó ga jù fún wọn. Oníbàárà náà yí padà sí epo.

Nítorí náà mo gbè sẹ́yìn Ọmọ_Téṣàn, àmọ́ ìdí tèmi yàtọ̀. Ìlọsíwájú rélùwéè ló ba àwọn ìlú yẹn jẹ́. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣírò owó ní olú ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ohun tó dáa ló ṣe.


Ẹ̀rín_Kò_Tán kọ:

Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Fàkàfíkì, tó tún wá ń bú ẹ̀rọ onísítíìmù ní alájẹkì. Ẹ̀rọ wo ló ń dún fàkàfíkì, ṣé díísù ni?


Fàkàfíkì kọ:

Èèyàn lè fẹ́ràn alájẹkì.


Adé_Kó_Tó_Téṣàn kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ó sì dà bíi pé ẹ ń da irú ìlú méjì pọ̀.

Ìkirun ò dúró de rélùwéè kó tó di ìlú. Ogun Jálumi tí wọ́n jà níbẹ̀ ní 1878 ti kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí irin tó dé. Òṣogbo ti ṣe ojúkò ogun ní 1840 tí Ìbàdàn lé àwọn ará Ìlọrin sẹ́yìn. Ọ̀fà, Ẹdẹ, Ìwó, gbogbo wọn ló ní ọba, tí wọ́n ní ọjà, tí wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ro, kí Òyìnbó tó ri sílípà àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Rélùwéè bá ìlú níbẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ di ńlá, ó kó àlejò wá bá a, nígbà tó lọ, ìlú dín kù díẹ̀, ó padà sí oko àti ọjà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè pe ìyẹn ní ikú.

Èyí tó ń kú ni èyí tí kò ní nǹkan mìíràn. Ibi tó jẹ́ pé àlejò ni gbogbo ará ìlú: Haúsá, Ìgbò, Yorùbá, Núpé, gbogbo wọn wá torí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá lọ, oníkálukú á rántí ilé bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jókòó ti ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ sì má gbàgbé àwọn tí irin ò yà sọ́dọ̀ wọn rárá. Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Iléṣà, Ìjẹ̀bú-Òde, Oǹdó: kò sí èyí tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ nínú wọn. Àwọn òṣómàáló Iléṣà ń lo téṣàn Òṣogbo bí ẹni ń lo ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, wọ́n ń gbé aṣọ kiri, wọ́n sì ń kó èrè wálé. Bí irin nìkan ló ń sọ ìlú di ìlú, Ìjẹ̀bú-Òde ì bá ti parẹ́.


Lóríi_Títì kọ:

Ẹ ṣeun fún ìyẹn, àmọ́ "dín kù díẹ̀" yẹn ń bí mi nínú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, UAC, John Holt, PZ, CFAO, gbogbo wọn ló ní sítọ́ọ̀ ní Òṣogbo torí téṣàn. Nígbà tí wọ́n kó lọ, wọn ò kó díẹ̀ lọ. Òṣogbo rí ohun tó gbé e dìde torí pé wọ́n sọ ọ́ di olú ìlú ìpínlẹ̀ ní 1991. Kí ló gbé Òkukù dìde? Ẹ má wo ilé ọba nìkan, ẹ wo iye ọ̀dọ́ tó ṣẹ́ kù.


Núpé_Lèmi kọ:

Mo gbọ́ Yorùbá dáadáa, Jẹ́bà ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá rélùwéè nìkan ló ń gbé ìlú ró, kó lọ sí Zungeru. Lugard sọ ọ́ di olú ìlú Àríwá ní 1902 (Jẹ́bà tiwa ló kó kúrò), ó sì ṣe irin kékeré kan láti etí odò Kàdúná ní Barijuko wọ inú ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Nnamdi Azikiwe ní 1904, torí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún ìjọba. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Odumegwu Ojukwu sí ní 1933. Lẹ́yìn náà irin ńlá Èkó sí Kánò gba ibẹ̀ kọjá. Bí téṣàn bá tó láti dá ìlú dúró, Zungeru ì bá jẹ́ ìlú ńlá lónìí. Ní 1916 ìjọba kó olú ìlú lọ sí Kàdúná, àwọn ọ́fíìsì bá a lọ, ọkọ̀ ojú irin ò sì dúró lọ́jọ́ kan torí ìyẹn. Ọkọ̀ ń kọjá, ìlú ń rọ. Ìdídò amúnáwá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, ti 700 mẹ́gáwáàtì, kò lè dá àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyẹn padà, torí pé iná mànàmáná kì í gba akọ̀wé púpọ̀ síṣẹ́.

Jẹ́bà náà ti rí tirẹ̀. Láti 1909 títí afárá fi parí, gbogbo èrò àti ẹrù ló gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ kí wọ́n tó sọdá. Ẹ mọ ohun tí ìdúró ń ṣe fún ìlú: ẹni tó dúró á jẹun, á sùn, á ra nǹkan. Afárá parí, ìdúró parí. Wọ́n tún fún wa ní ilé iṣẹ́ ìwé, ó ṣe bẹbẹ fún ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n ṣe ìdídò. Ìlú wa ti jẹ́ mẹ́ta, ó ti kú ẹ̀ẹ̀mejì.


Ọmọ_Téṣàn kọ:

Núpé_Lèmi, ẹ̀yin lẹ sọ ohun tí mo ń wá. Ìdúró! Bárò, Jẹ́bà, àwọn téṣàn omi tí Fàkàfíkì sọ, ìdúró ni gbogbo wọn ń tà. Ohunkóhun tó bá jẹ́ kí ọkọ̀ má dúró mọ́, afárá ni o, díísù ni o, ó ti pa wọ́n. Lọ́rì bá òkú níbẹ̀ ni.

Mínà náà jẹ́ oríta kan ṣáá, ibi tí irin méjì ti pàdé. Ṣùgbọ́n oríta kì í tètè kú torí pé èèyàn ò lè gba ibẹ̀ kọjá láìdúró pààrọ̀ ọkọ̀. Ó pẹ́ lórí ìdúró yẹn títí wọ́n fi sọ ọ́ di olú ìlú ìpínlẹ̀ Niger ní 1976. Kafanchan tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó wá láti Port Harcourt dé ibẹ̀ ní 1927, ọ̀kan yà lọ sí Jọ́ọ̀sì, ọ̀kan lọ sí Kàdúná. Ẹ ò lè fo Kafanchan.


Ọmọ_Ìlaròó kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kan. Kí ni wọ́n ń wá ní Ìdógò? Mo mọ̀ pé irin kan yà ní Ifọ̀ wá sí Ìlaròó, ó sì parí sí Ìdógò. Ìlaròó yé mi. Ìdógò kéré jọjọ.


Adé_Kó_Tó_Téṣàn kọ:

Ọmọ mi, 1930 ni wọ́n ṣí ẹ̀ka yẹn. Kòkó àti ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Yewa ni wọ́n ń wá. Ìdógò jẹ́ òpin irin, òpin irin sì ní èrè tirẹ̀: gbogbo abúlé tó wà níwájú, tí irin ò dé, ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó ẹrù wá. Bí lọ́rì bá sì fẹ́ gbèjà Lóríi_Títì níbikíbi, ibẹ̀ ni. Ọ̀nà náà kúrú. Ẹni tó ti di kòkó sínú lọ́rì tó fẹ́ gbé e dé Ìdógò, kí ló dé tí kò ní kúkú gbé e lọ tààrà? Ẹ̀ka kúkúrú ni lọ́rì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ọ̀nà jíjìn bíi Èkó sí Kánò, ó lé ní 1,100 kìlómítà, ìyẹn ṣì le fún lọ́rì nígbà náà.


Lóríi_Títì kọ:

Ọlọ́run ṣeun, ẹnìkan gbà fún mi ní ìdajì.

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń bú lọ́rì, ẹ tún wo ẹrù fúnra rẹ̀. Láàárín 1972 sí 1975, ọ̀dá àti àrùn ẹ̀pà kọlu Àríwá, epo rọ̀bì sì ti sọ àgbẹ̀ di ẹni tí ìjọba ò bìkítà fún mọ́. Òkìtì ẹ̀pà Kánò, tó jẹ́ ohun tó ń kún wágọ́ọ̀nù lọ sí Àpápá, pòórá. Ní 1986 wọ́n tú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra ohun ọ̀gbìn ká. Kí ni ọkọ̀ máa gbé? Àwọn ará Àgége ń kó obì lọ sókè, màlúù ń bọ̀ wálẹ̀. Àwọn ìyẹn náà bọ́ sórí lọ́rì.


Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kọ:

Ẹ̀yin ọmọ yìí ń ṣe bí ẹni pé rélùwéè ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí ẹ̀pà fi tán. Mo bá a ṣiṣẹ́. Ẹrù wà o! Ẹ̀rọ tó máa fà á ni ò sí. Ẹ̀rọ bàjẹ́, irinṣẹ́ ò sí, a yọ ti ẹ̀rọ kan láti fi tún òmíràn ṣe. Wọ́n gbé àwọn ará Íńdíà láti ilé iṣẹ́ RITES wá ní 1979, nǹkan sàn díẹ̀, wọ́n lọ ní 1982, a padà síbi tí a ti ń bọ̀. Ní 1988 owó tán pátápátá, ọkọ̀ ò rìn fún oṣù mẹ́fà gbáko. Oṣù mẹ́fà! Oníṣòwò tó ti ń fi sùúrù bá wa lò títí di ìgbà náà, tó wá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo lọ́rì nínú oṣù mẹ́fà yẹn, ṣé ẹ rò pé ó padà wá?

Ìlú kékeré lè fara da ọkọ̀ tó ń pẹ́. Ohun tí kò lè fara dà ni ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò wá. Obìnrin tó se ẹ̀kọ sílẹ̀ de ọkọ̀ tí kò dé, á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta á lọ ta á ní gáréèjì.

Ẹ má pa irọ́ mọ́ díísù. Ẹ̀rọ ò dẹ́ṣẹ̀.


Fàkàfíkì kọ:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ àná. Mo gbọ́ tiyín. Mi ò bá yín jiyàn lórí 1988. Ṣùgbọ́n àwọn téṣàn omi ti ṣófo kí 1988 tó dé, ẹ̀yin náà mọ̀.


Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kọ:

Àwọn kéékèèké yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ń sọ ti Ọ̀fà, Ìkirun àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.


Ẹ̀rín_Kò_Tán kọ:

Ṣé ẹ rántí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá máa ń fi kó èèyàn láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà ọdún? Ẹ wo bí téṣàn ṣe ń kún! Ọ̀rọ̀ pé èèyàn ò fẹ́ ọkọ̀ ojú irin mọ́, irọ́ ni. Owó ni wọn ò fẹ́ san.


Núpé_Lèmi kọ:

Ìgbà kan wà lóòótọ́ tí a ò rí ọkọ̀ èrò kankan, ní December 2012 ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti Èkó dé Kánò. Ó gba Jẹ́bà kọjá. Àwọn ọmọdé sáré jáde lọ wò ó. Kò sọ ìlú di nǹkan kan. Ọjà tó máa ń pàdé ọkọ̀ ti tú, ọkọ̀ kan lọ́sẹ̀ ò sì lè kó ọjà jọ.


Ọmọ_Ìlaròó kọ:

Irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn ńkọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní June 2021? Kájọlà, Papalanto, Olódò, Omi-Adió ní téṣàn tó dára gan-an. Ṣé ìlú ò ní hù níbẹ̀ bí ti àtijọ́?


Adé_Kó_Tó_Téṣàn kọ:

157 kìlómítà ni gbogbo rẹ̀. Kò sí omi tó ń bu, kò sí awakọ̀ tó ń pààrọ̀ lójú ọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lórí fóònù. Ìta ìlú ni ọ̀pọ̀ téṣàn náà wà, ti Ìbàdàn wà ní Mọ́níyà, ó jìnnà sí Dùgbẹ̀ níbi tí ti àtijọ́ wà. Èrò á sọ̀ kalẹ̀, á wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, á lọ. Ohun tó lè hù níbẹ̀ ni ilé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tí wọn ò lè san owó ilé Èkó. Ilẹ̀ á wọ́n. Ṣé ìyẹn ni ìlú? Ó lè jẹ́ ilé ìsùn.


Lóríi_Títì kọ:

Wọ́n tiẹ̀ tún ti padà sí Bárò. Ààrẹ Buhari ṣí èbúté ojú omi tuntun síbẹ̀ ní January 2019, wọ́n gbé kíréènì síbẹ̀ pẹ̀lú. Ó kù kí ọ̀nà tó dáa dé ibẹ̀. Ọmọ_Téṣàn, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń dúró dè kí èbúté náà tó ṣiṣẹ́?


Ọmọ_Téṣàn kọ:

Títì.

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Irin náà ṣì ń bẹ lórí ìwé láti Bárò dé Mínà, kí wọ́n tún un ṣe kọ́kọ́, kí ẹ tó máa fi lọ́rì yín yangàn.


Lóríi_Títì kọ:

Ẹ pè mí bí wọ́n bá ti ri sílípà àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.